Bí ẹ ṣe lè máa kó òkúta kírísítà jọ láti Àbújá láìjẹ́ pé wọ́n ta dígí fún yín

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ lọ bá mi mú tìróò wá. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná sínú ìgò kékeré o, èyí tó ṣì jẹ́ òkúta ni mò ń wí, irú èyí tí àwọn Mállàm máa ń tẹ́ sórí àpò nílẹ̀ lọ́jà Nyanya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kán-ún àti álọ́ọ̀mù. Ẹ gbé e sójú oòrùn, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa rí i pé ó ní ojú kéékèèké tó ń kọ mànà bíi dígí, tí wọ́n tò léra bí àtẹ̀gùn, gbogbo igun wọn ló sì dọ́gba bíi ti ṣúgà St. Louis. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ. Tẹ́ ẹ bá fi òòlù gbá a, àpótí kéékèèké ló máa fọ́ sí, ẹ tún fọ́ àpótí yẹn, àpótí náà ló tún máa jáde. Òjé àti imí-ọjọ́ ló para pọ̀ di òkúta yẹn, galena ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é, àwa sì ti ń fi kun ojú látijọ́ láìmọ̀ pé kírísítà, ìyẹn òkúta tó fúnra rẹ̀ lójú tó sì nígun, la gbé dání. (Ẹ má fi kun ojú ọmọ mọ́ o, òjé ni. Mo máa padà sórí ìyẹn.)

Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kubwa ni mò ń gbé, iṣẹ́ mi ò bá ilẹ̀ tan rárá, kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe, ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ báyìí tí mo ti ń kó òkúta tó lójú tó nígun jọ, ìyàwó mi bú mi títí ó fi sú u, ìyá mi ní tiẹ̀ wá kí wa láti Ìkirè, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù pé òun fẹ́ mú àwo, ló bá figbe ta, ó ní ṣé ẹdùn àrá ni mò ń kó pamọ́ sílé àbí kí ni, ṣé mo ti di adóṣù Ṣàngó ní Àbújá ni. Mo ní Màámi, òkúta lásán ni. Ó ní kò sí òkúta lásán tí èèyàn ń fi òwú wé.

Ó ṣáà ti ń pọ̀ sí i, àwọn tó ń bi mí léèrè pé báwo ni wọ́n ṣe lè bẹ̀rẹ̀, níbo ni wọ́n ti lè rà á, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ojúlówó. Mo kúkú wá kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan.

Kí là ń wá gan-an?

Tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá gbọ́ òkúta iyebíye, òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn ló ń wá sí wọn lọ́kàn. Tiwa yàtọ̀. Ẹni tó ń gé òkúta fún òrùka, inú rẹ̀ tó mọ́ lóló ló ń wá, ó máa gé ìyókù dànù. Àwa, bó ṣe hù nínú ilẹ̀ la fẹ́. Topaz tí wọ́n ti gé, ti Jos ni o, ti Brazil ni o, ẹ kó wọn sínú abọ́ kan náà, ẹ ò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n topaz tó ṣì dúró lórí òkúta tó bí i, tí quartz (òkúta kan tó dà bíi dígí) aláwọ̀ èéfín kan yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo náà ni Ọlọ́run dá, kò sí ìkejì. Kì í ṣe pé mo ń bú àwọn tó ń gé e o. Àwọn bàbá wa ní Ìlọrin ló fi ọwọ́ gbẹ́ òkúta pupa di lántànná tí àwọn olówó ń fi sọ́rùn, àwọn ará Ifẹ̀ sì ti ń yọ́ dígí di ìlẹ̀kẹ̀ nígbà láéláé, sẹ̀gi gan-an dígí ni. Iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tí mò ń kó jọ ni èyí tí ọwọ́ èèyàn ò tíì kàn.

Ìdí nìyẹn tí ohun tí àwọn akójọ kọ́kọ́ ń wò kì í fi í ṣe bó ṣe tóbi tó. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Kírísítà máa ń ní ṣóńṣó tàbí orí pẹrẹsẹ níbi tó parí sí, tí ibẹ̀ bá ti kán, kódà kó jẹ́ bí èékánná ọmọ ọwọ́ ló kán lára rẹ̀, owó ti já bọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wò ó bóyá ó ṣì wà lára ìyá rẹ̀, ìyẹn òkúta tó hù lé lórí, a tún fẹ́ kí ìyá yẹn jẹ́ ìyá rẹ̀ lóòótọ́, nítorí gọ́ọ̀mù wà lọ́jà. Èyí tí àwọn èèyàn wa kì í kà sí rárá ni ibi tó ti wá. Òkúta tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n ti wà á jáde, bí ọmọ tí wọ́n rí he ló rí, ó lè rẹwà o, ṣùgbọ́n ta ni bàbá rẹ̀? Ní Namibia, ibi ìwakùsà kan wà ní Tsumeb, ó lé ní igba oríṣi òkúta tí wọ́n rí níbẹ̀, azurite tó búlúù bí aṣọ ẹtù, dioptase tó tutù yọ̀yọ̀, wọ́n ti ibẹ̀ pa láti ọdún 1996, títí dòní tí wọ́n bá kọ Tsumeb sára òkúta kan, owó rẹ̀ á gbéra. Níbi ìpàtẹ òkúta ní Tucson ní Amẹ́ríkà, èyí tó ti wà láti ọdún 1955, bébà pélébé tó wà lábẹ́ òkúta ni àwọn àgbà ibẹ̀ ń gbé kà bí wọ́n ṣe ń gbé òkúta fúnra rẹ̀ wò.

Bí kírísítà ṣe ń hù, ẹ lọ ra álọ́ọ̀mù

Mo lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní yé yín tó bí ẹ ṣe máa fojú ara yín rí i. Ẹ ra álọ́ọ̀mù ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ẹ ṣa èyí tó dà bíi yìnyín, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í ṣe èyí tó funfun bí ẹfun tí wọ́n ń dà sínú kànga. Ẹ bu omi gbígbóná ìdajì kọ́ọ̀bù, ẹ fọ́ álọ́ọ̀mù yẹn wẹ́wẹ́, ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó, títí omi á fi kọ̀ pé òun ò gbà mọ́, tí ìyókù á máa sùn sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ rọra da omi òkè rẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, ẹ fi aṣọ fífẹ́lẹ́ bo ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ tí ọmọdé ò ní gbá a dànù. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ máa rí hóró wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ tó ń tàn. Ẹ ṣa èyí tó rẹwà jù, ẹ fi òwú tín-ín-rín so ó, ẹ fi kọ́ sínú omi álọ́ọ̀mù mìíràn tó ti kún dáadáa tó sì ti tutù, nítorí tó bá ṣì gbóná tàbí tí kò tíì kún, ńṣe ló máa jẹ ọmọ tẹ́ ẹ so kọ́, ẹ máa jí bá òwú lásán. Ó ti ṣe mí lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ẹ máa ní nǹkan tó tó ẹ̀pà, tó lójú mẹ́jọ géérégé, bí òrùlé onígun mẹ́rin méjì tí wọ́n fìdí kan ara wọn. Ẹ ò kọ́ ọ. Èròjà álọ́ọ̀mù ló ń wá jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n jókòó, bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù tí kò lè fi ọ̀kan wọ́. Ìdí nìyẹn tí tìróò fi máa ń fọ́ sí àpótí nígbà gbogbo, tí iyọ̀ náà jẹ́ àpótí, tí quartz ń lójú mẹ́fà yálà ó tó ìka ọwọ́ tàbí ó tó òpó ilé.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé àsìkò tí mo ṣe é jẹ́ kí ó yàtọ̀. Lákòókò ọyẹ́, tí gbogbo ètè Àbújá ti là, omi yára gbẹ kíákíá, kírísítà mi pọ̀ bí èèrùn, wọ́n há mọ́ ara wọn, inú wọn ṣú bí omi ẹ̀kọ. Èyí tí mo ṣe nígbà òjò falẹ̀ débi pé mo ti gbàgbé rẹ̀, ìgbà tí mo máa padà débẹ̀, mo bá ọ̀kan ṣoṣo tó tóbi, tó mọ́ bí omi. Bó ṣe rí lábẹ́ ilẹ̀ náà nìyẹn, èyí tó bá ń kánjú kì í dára. Ní Naica ní ilẹ̀ Mexico, ní ọdún 2000, àwọn awakùsà ṣàdédé já wọ ihò kan nǹkan bí 300 mítà sísàlẹ̀, wọ́n bá kírísítà tó gùn tó mítà 11, àwọn kan nípọn ju igi ìrókò mìíràn lọ. Gypsum ni, ohun kan náà tí wọ́n fi ń ṣe POP síílìn ilé wa. Omi gbígbóná ló wà nínú ihò yẹn, tó rọra dúró sí ìwọ̀n ooru kan náà, díẹ̀ ló fi wà lábẹ́ 58 Celsius, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ọdún, kò gbóná sí i, kò yára tutù, kírísítà sì ráyè dàgbà. Ìdàkejì rẹ̀ ni kán-ún tí à ń fi se ewédú, oòrùn ló ń fa omi àwọn adágún kéékèèké àgbègbè Lake Chad gbẹ, kán-ún á kù sílẹ̀ bí èépá, kíá ni, kò sì sẹ́ni tó máa gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù.

Tiwa níbí, ìyẹn Nasarawa, Plateau, gúúsù Kaduna, inú akọ òkúta ló ti ń wá jù. Ẹ ro ó báyìí. Granite, ìyẹn akọ òkúta yẹn, òkúta yíyọ́ ló jẹ́ nígbà kan, ní kìlómítà mélòó kan sísàlẹ̀ ilẹ̀. Bó ṣe ń tutù, àwọn èròjà tó wọ́pọ̀ ló ń kọ́kọ́ dì, bí ọ̀rá orí ọbẹ̀ ẹran ṣe máa ń dì láàárọ̀ ọyẹ́ tí omi ọbẹ̀ ṣì ń ṣàn nísàlẹ̀. Àwọn àjèjì tí kò ríbi jókòó sí lára èyí tó ti dì, beryllium, boron, lithium, fluorine, pẹ̀lú omi, wọ́n á máa kó ara wọn jọ sínú ìyókù, títí omi ìkẹyìn ìkòkò yẹn á fi kún fún wọn. Omi ìkẹyìn yìí á wá ráyè gba ibi tí òkúta ti sán, á wọ ibẹ̀, á dì síbẹ̀, pegmatite ni wọ́n ń pè é. Nítorí pé omi pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn èròjà ń rìn bó ṣe wù wọ́n, wọn ò há, ìdí nìyẹn tí mica inú rẹ̀, òkúta tó ń ṣí ní ìpele bí ewé ìwé, lè fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, tí beryl, òkúta iyebíye kan, lè gùn bí apá. Tí àlàfo bá wá wà láàárín rẹ̀ bí ihò inú búrẹ́dì, ibẹ̀ gan-an ni orí kírísítà ti ń pé, torí kò sí ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn awakùsà mọ̀ ọ́n, tí wọ́n bá ti rí ibi tí quartz ti ń mọ́ sí i tí ilẹ̀ sì rọ̀ lójijì bí amọ̀, wọ́n á ju dígà sílẹ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ wà á.

Àwọn òkúta ọ̀nà Keffi dé Nasarawa ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún. Ti Jos kéré sí wọn lọ́jọ́ orí gan-an, bíi mílíọ̀nù 160 ọdún ni tiẹ̀, fluorine sì pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé topaz ló wọ́pọ̀ níbẹ̀, fluorine wà nínú ara topaz fúnra rẹ̀. Inú òkúta Jos yìí kan náà ni kuza ti wá, ìyẹn tín-ìn tí àwọn òyìnbó torí rẹ̀ la rélùwéè dé Plateau.

Àwọ̀ ńkọ́? Nǹkan tó ń fún un láwọ̀ kéré ju iyọ̀ tẹ́ ẹ ń jù sọ́bẹ̀ lọ. Beryl tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, bí omi ló rí. Irin díẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó di aquamarine. Chromium wọ beryl yẹn kan náà, ó di emerald, owó rẹ̀ fò sókè. Manganese ló ń mú kí tourmaline, òkúta iyebíye mìíràn, pọ́n. Amethyst tiẹ̀ tún yàtọ̀, irin ló wà nínú quartz, ìtànṣán tó ń jáde lára àwọn òkúta àyíká rẹ̀ ló wá sọ irin yẹn di àwọ̀ elésè àlùkò, ẹ gbé e sínú iná gbígbóná, ó lè di pupa rúsúrúsú bí oyin. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí nìyẹn, torí àwọn oníṣòwò mọ̀ ọ́n ju yín lọ. Topaz Jos tí Ọlọ́run dá, funfun bí omi ni púpọ̀ nínú wọn, tàbí kó ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀run àárọ̀. Èyí tó búlúù kẹ̀ǹkẹ̀ tí wọ́n ń tà nínú òrùka, ẹ̀rọ ìtànṣán àti iná ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà

Ẹ kì í sábà rí i kí wọ́n tẹ́ òkúta yìí síta ní Àbújá. Ẹni tó mú mi dé ìdí rẹ̀, Mállàm tó ń ta kán-ún àti tìróò ní Nyanya ni, àbúrò rẹ̀ ló ń wà á lọ́nà Nasarawa. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ má kánjú béèrè iye. Tẹ́ ẹ bá ti ń pariwo pé ó mà dára o, ó mà dára o, ẹ ti ra á níye tí kò yẹ.

Ojú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò. Quartz máa ń ní ìlà tó dùbúlẹ̀ lójú ara rẹ̀, bí ìlà ara ike omi. Tourmaline, ìlà tiẹ̀ dúró gbọnrangandan látòkè délẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì wo ìdí rẹ̀, onígun mẹ́ta tó wú díẹ̀ ni. Beryl lójú mẹ́fà bíi quartz, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ máa ń pẹrẹsẹ bí ìdérí agolo, nígbà tí ti quartz ń ṣe ṣóńṣó. Tourmaline tún ní àṣà kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, tẹ́ ẹ bá mú kó gbóná díẹ̀, á máa fa eruku àti eérú mọ́ra, àwọn ará Holland ayé bíi ọdún 1700 sí òkè máa ń fi fa eérú jáde nínú ìkòkò tábà wọn.

Ṣùgbọ́n ojú ń tanni jẹ. Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan kó aquamarine wá bá mi nínú mọ́tò, ó tutù, ó lójú mẹ́fà, orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, mo san ẹgbàá mẹ́sàn-án náírà, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Ilé ni mo dé tí mo gbé e sórí ìwọ̀n. Ẹ ra síkéèlì kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ń lò, tó ń ka dé ìdá ọgọ́rùn-ún gírámù, kì í wọ́n. Ẹ wọn òkúta yẹn gbígbẹ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá gbé kọ́ọ̀bù ike tó ní omi sórí síkéèlì, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó padà sí òdo. Ẹ fi òwú so òkúta, ẹ rì í sínú omi pátápátá, ṣùgbọ́n kó má fara kan ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀bù tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ mú òwú yẹn dání kó dúró jẹ́ẹ́. Síkéèlì á ka nǹkan kan. Ẹ fi iye yẹn pín iye tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ. Tèmi wọn gírámù 41.2, inú omi ó ka 16.1, mo pín in, 2.56. Beryl kì í kéré tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 2.7 ló yẹ kó jẹ́. Quartz, 2.65. Tourmaline, 3.0 lọ sókè díẹ̀. Topaz, 3.5. Dígí ọ̀pọ̀ ìgò sì ń wà ní àyíká 2.5. Mo gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi, mo gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́yìn rẹ̀, ni mo bá rí i, ihò afẹ́fẹ́ rogodo kan, rogodo bí ojú ẹja, nínú òkúta tí wọ́n ní ilẹ̀ ló bí i. Ẹni kan ló fi ìgò gbẹ́ ẹ. Mo ṣì ní in, mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi.

Ìwọ̀n yìí ò ṣiṣẹ́ fún èyí tó ṣì wà lára ìyá rẹ̀ o, torí ẹ máa wọn tìyátọmọ pọ̀. Fún ìyẹn, ẹ fi ẹ̀yìn ètè kàn án, dígí máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, òkúta á tutù nini. Kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú ṣá. Nípa líle, Friedrich Mohs tó jẹ́ ará Jámánì tò wọ́n láti 1 dé 10 ní ọdún 1812, gypsum jẹ́ 2, calcite 3, quartz 7, topaz 8, dáyámọ́ńdì 10, ẹni tó ga ló ń ha ẹni tó rẹlẹ̀. Quartz á ha ìgò. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ìdí rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń rí i ni kẹ́ ẹ ti dán an wò, mo ti rí ẹni tó fi ìṣó ha iwájú fluorite pé òun ń dán an wò, fluorite 4 ni o, ìṣó gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ méjì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ní Hausa ju iye owó lọ: kada ka fasa, kada ka wanke. Má fọ́ ọ, má sì fọ̀ ọ́. Àṣà àwọn awakùsà ni pé kí wọ́n fi òòlù yọ kírísítà kúrò lára ìyá rẹ̀ kó lè mọ́ lójú ẹni tó ń rà á ní gírámù, ìyá yẹn á sì di pàǹtí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ tòun ti pàǹtí yẹn, Mállàm rẹ́rìn-ín títí, ó ní "to, Oga mai dutse," ìyẹn ọ̀gá olókùúta, ó gbà pé orí mi ò pé.

Ẹ má fúnra yín wọ kòtò. Àwọn kòtò Jos tí wọ́n ń pè ní loto, tóóró ni, ó jìn, kò sí ohun tó gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, òjò kan ti tó. Inú igbó gan-an lọ́wọ́ yìí, ẹ mọ bí ọ̀nà ṣe rí. Òfin sì wà: òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007 sọ ọ́ kedere pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ẹni tó máa wà á àti ẹni tó máa fi ṣòwò gbọ́dọ̀ gbàwé, ẹni tó fẹ́ kó o jáde nílùú náà gbọ́dọ̀ gbàwé. Àbújá la wà, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí i ò jìnnà, ẹ lọ béèrè kẹ́ ẹ tó ju òkúta sínú báàgì lọ sí pápákọ̀ òfuurufú.

Fífọ̀ àti títọ́jú

Ibí ni mo ti jìyà jù. Mo ra topaz kan, ó tó àtàǹpàkò, ó jókòó sára òkúta funfun, mo wá rò ó pé ìdí òkúta yẹn ti gùn jù, kò jẹ́ kó dúró dáadáa, mo ní kí n fi òòlù gé e díẹ̀. Mo rọra kàn án. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orí topaz bọ́ sílẹ̀ gbẹ́ẹ́, ojú ibi tó ti gé ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé bọ́tà. Topaz le ju irin lọ ní ti híha, ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀ níbi tí èròjà rẹ̀ ò ti di ara wọn mú dáadáa, ó máa ń là gba ibẹ̀ ni. Líle yàtọ̀ sí àìfọ́. Mo jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnnì yẹn, ìyàwó mi ní ṣé ẹnì kan kú ni.

Nítorí náà, omi lásán, ọṣẹ abọ́ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀. Amọ̀ tó bá le, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta, á tú fúnra rẹ̀. Omi yẹn gbọ́dọ̀ wà bí afẹ́fẹ́ yàrá, omi gbígbóná á sán fluorite sí wẹ́wẹ́. Èyí tó bá jẹ́ iyọ̀, omi ò gbọ́dọ̀ kàn án rárá. Ìpẹtà pupa tó máa ń lẹ̀ mọ́ quartz, ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń dín in kù tẹ́ ẹ bá rẹ ẹ́ pẹ́, ṣùgbọ́n tí calcite bá wà lára rẹ̀, ọsàn yẹn á jẹ ẹ́, á máa hó. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lo ásíìdì bátìrì, tàbí ásíìdì tó ń jẹ dígí tí àwọn oníṣòwò ńlá ń lò. Ẹ má gbà. Èyí tó ń jẹ dígí yẹn máa ń wọ eegun, ó lè pa èèyàn.

Ẹ má lọ òkúta nínú ilé, ẹ má gé e láìbo imú, eruku quartz ò ní jáde nínú ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Òjé tí mo ní mo máa padà sí: ní Zamfara ní ọdún 2010, góòlù ni wọ́n ń wà, òjé ló wà nínú òkúta kan náà, wọ́n ń lọ̀ ọ́ nínú ọgbà ilé, eruku rẹ̀ pa ọmọdé tó lé ní irinwó. Tìróò mi, inú ike tó ní ìdérí ló wà, tí mo bá sì ti gbá a mú, mo máa ń fọwọ́. Iyanrìn dúdú tó wúwo tí wọ́n bá ti Jos kó wá bá yín, ẹ má gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, monazite máa ń wà nínú rẹ̀, thorium sì wà nínú monazite, ìtànṣán ń jáde lára rẹ̀.

Amethyst, ẹ má gbé e sójú fèrèsé, oòrùn á fọ àwọ̀ rẹ̀ dànù bí aṣọ àdìrẹ tí kò gba aró. Kunzite, òkúta iyebíye mìíràn, burú jù ú lọ. Èmi ní tèmi, inú páálí bàtà ni mo máa ń to gbogbo wọn sí, òwú wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má ha ara wọn, nọ́ńbà kékeré lára ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé kan wà tí mo kọ nọ́ńbà yẹn sí, orúkọ òkúta, abúlé, ìjọba ìbílẹ̀, ọjọ́ tí mo rà á, iye tí mo san. Mo fi bíìrò kọ ọ́, kò sí nínú fóònù nìkan, fóònù ti sọnù rí.

Oṣù tó kọjá, Mállàm pè mí láàárọ̀ Sátidé, ó ní kí n wá. Ó ti fi bébà àpò sìmẹ́ńtì dì í, ó tú u: tourmaline dúdú mẹ́ta dúró gbọngbọn lórí feldspar funfun, amọ̀ ṣì wà láàárín wọn, orí wọn pé pérépéré. Kò fọ́ ọ, kò fọ̀ ọ́. Mo bi í pé daga ina, ìyẹn níbo ló ti wá? Kò dáhùn, ó kàn na bébà kékeré kan sí mi tó ti ká sínú bébà sìmẹ́ńtì náà, ó ti fi àjàmí, ìyẹn Hausa tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, kọ orúkọ abúlé tí àbúrò rẹ̀ ti wà á sí i, ó tún kọ ọjọ́ sí i. Mo gbé e lọ fún ẹnì kan ní mọ́ṣáláṣí wa kó bá mi kà á, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi ní nọ́ńbà 64. Bébà yẹn ṣì wà lábẹ́ òkúta náà.